Òṣùwọ̀n fún ohun tí ọmọ SS2 gbà pé sáyẹ́ǹsì jẹ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Bàrígà

Ohun tí mò ń kọ́

Ìwé ìbéèrè kan ló wà lórí tábìlì mi báyìí, fún àwọn ọmọ SS2 tí mò ń kọ́ ní físíìsì ní agbègbè Bàrígà. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n gbà pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jẹ́: ibo ló ti ń wá, kí ló gbé e dúró, ṣé ó lè yẹ̀, ta ló sì láṣẹ láti sọ pé ó ti yẹ̀. Bóyá wọ́n mọ òfin Newton àbí wọn ò mọ̀ ọ́n, ìdánwò ń bójú tó ìyẹn.

Práktíkà ló ti mí sídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ á wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á jáde, á wá na ọrùn wo ìwé ẹni tó jókòó tì í kó tó mọ èyí tó máa kọ. Ẹ bi í pé kí ló ń wò, á ní, "Sà, mo fẹ́ mọ èyí tó correct ni." Ọmọ yẹn ti ní ohun kan lọ́kàn nípa ohun tí ìwọ̀n jẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bi í. Mo fẹ́ bi í, kí n sì lè gbọ́ ìdáhùn gbogbo kíláàsì pa pọ̀.

Irinṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ṣe irú òṣùwọ̀n báyìí. Ní Amẹ́ríkà, Cooley àti Klopfer ti ní ìdánwò TOUS ní 1961. Èyí tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè mọ̀ dáadáa ni NSKS, ìwé ìbéèrè tí Rubba àti Andersen gbé jáde ní 1978. Gbólóhùn 48 ló ní, ìsọ̀rí mẹ́fà, mẹ́jọ mẹ́jọ. Ìsọ̀rí kan ń wò ó bóyá ọmọ gbà pé èèyàn ló ń ronú gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kalẹ̀, òmíràn bóyá ó gbà pé ó ń yí padà, òmíràn bóyá ó ṣeé dán wò, òmíràn bóyá àlàyé tó rọrùn jù ló máa ń wá, òmíràn bóyá ẹ̀ka rẹ̀ gbogbo wọnú ara wọn, èyí tó kù sì ń béèrè bóyá ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣeé pè ní rere tàbí búburú. Ìdajì gbólóhùn náà sọ ọ̀rọ̀ síwájú (bíi pé ìmọ̀ lè yí padà), ìdajì sọ ọ́ sẹ́yìn (bíi pé kò lè yí padà). Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ọ̀kan nínú ipò márùn-ún, láti "mo gbà gan-an" dé "mi ò gbà rárá", wọn á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá kéré jù á gba 48, ẹni tó bá pọ̀ jù á gba 240.

Fún àwọn ọmọ kékeré, Conley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òmíràn ní 2004. Gbólóhùn 26 ni, ìsọ̀rí mẹ́rin: ibi tí ìmọ̀ ti ń wá, bó ṣe dájú tó, bó ṣe ń yí padà, àti ohun tí a fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn ìsọ̀rí mẹ́rin yìí wù mí nítorí pé ọmọ lè lóye wọn láìjẹ́ pé ó ti gbọ́ orúkọ onímọ̀ kankan rí. Mo fi wọ́n ṣe igi ilé, mo wá kọ gbólóhùn tèmi lé wọn.

Ìdánwò àkọ́kọ́: gbogbo wọn gbà

Gbólóhùn kan lọ báyìí: "Ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì gbà lónìí lè yí padà lọ́la." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò gbà nínú kíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ tètè parí iṣẹ́ á ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pé ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ yìí ti dàgbà, á sì lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n mo ti ní kí wọ́n yí ìwé náà padà, kí wọ́n kọ nǹkan kan tó ti yí padà rí, pẹ̀lú ohun tó fà á. Púpọ̀ nínú wọn mú Pluto, nítorí pé ṣáàtì ara ògiri láàbù wa ṣì ń ka pláńẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, a sì ti fi báírò fa ìlà sí ìkẹsàn-án lára. Ẹ wo ohun tí mẹ́ta nínú wọn kọ.

Ẹni kìíní: "Nígbà yẹn wọ́n kàn ń ro ó ni. Ní báyìí awò awọ̀nàjíjìn wọn ti lágbára, wọ́n ti rí òótọ́."

Ẹni kejì: "Pluto ti kéré sí i."

Ẹni kẹta: "Àwọn òyìnbó ló jókòó pinnu rẹ̀. Tí wọ́n bá tún ṣèpàdé wọ́n lè dá a padà."

"Mo gbà gan-an" ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Nínú ìṣirò, márùn-ún márùn-ún ni máàkì wọn. Ẹni kìíní gbà pé òótọ́ wà níbì kan tí kò ní yẹ̀ mọ́ bí a bá ti lè rí i kedere. Ìyẹn ni pé ìdí tó fi ní ìmọ̀ ń yí padà ni pé ó ti fẹ́ dúró. Ẹni kejì gbà pé ayé ló ń yí padà, ìmọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ẹni kẹta fi gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ìpàdé.

Tí a bá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni kẹta ló sún mọ́ ọn jù. Clyde Tombaugh rí Pluto ní 1930. Nígbà tó yá, wọ́n ń rí àwọn nǹkan mìíràn lókè lọ́hùn-ún, títí dé orí Eris, tí wọ́n kéde ní 2005, tí títóbi rẹ̀ sì fara jọ ti Pluto. Ó di dandan kí wọ́n yan ọ̀kan: kí pláńẹ́ẹ̀tì máa pọ̀ sí i, tàbí kí wọ́n sọ ohun tó ń jẹ́ pláńẹ́ẹ̀tì gan-an. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé dìbò ní Prague. Wọ́n ní pláńẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti gbá àwọn nǹkan mìíràn kúrò lọ́nà rẹ̀. Pluto ò ṣe bẹ́ẹ̀, ló bá já. Ìpàdé wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀run ló pe ìpàdé. Apá yẹn ni ọmọ náà fò, n kò sì lè rí i lára àmì tó fi sínú àpótí.

Ọ̀rọ̀ alpha

Ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ wọn ní máàsì, Bọ̀dá Máàsì la máa ń pè é, kó èsì náà sínú Excel, ó ṣírò alpha ti Cronbach, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá àwọn ìdáhùn inú ìwé ìbéèrè bára wọn mu, ó sì wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Láti 1951 ni alpha ti wà, ó sì ti di àṣà láti máa wá 0.70 sókè. Tiwa kọjá ibẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá Físíìsì, iṣẹ́ parí."

Mo ní kó jókòó. Ohun tí alpha ń wò ni bóyá ẹni tí máàkì rẹ̀ ga lórí gbólóhùn kan ni tiẹ̀ tún ga lórí èkejì. Ẹ sì lè fi iye gbólóhùn nìkan gbé e sókè. Ká ní ìbátan tó wà láàárín gbólóhùn méjì-méjì jẹ́ 0.3, nǹkan tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Gbólóhùn mẹ́rin á fún yín ní 0.63. Mẹ́jọ á fún yín ní 0.77. Mẹ́rìndínlógún á gbé e dé 0.87, bẹ́ẹ̀ kò sí ìbéèrè kan tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá bi ọmọ ní ohun kan náà lọ́nà mẹ́jọ á rí alpha tó dùn ún wò, pàápàá tí gbogbo ọmọ náà bá jọ kọ nóòtì kan náà ní JSS1 pé "science is dynamic".

Gbólóhùn tó sọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn tún ní wàhálà tiẹ̀. Nínú ìṣirò ó rọrùn: ẹ yọ máàkì náà kúrò nínú 6, ó ti yí padà. Lẹ́nu ọmọ, ó le. Ọmọkùnrin kan na ọwọ́: "Sà, tí mi ò bá gbà pé kò lè yí padà, ṣé mo gbà nìyẹn àbí mi ò gbà?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Àwọn gbólóhùn yẹn ń wọn agbára ọmọ láti tú "kò" méjì ju ohun tó gbà nípa sáyẹ́ǹsì lọ. Mo yọ gbogbo wọn.

Mo tú u, mo tún un kọ́

Ọ̀nà tí mo tọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Kánádà ló ti wá. Aikenhead àti Ryan ṣe ìwé ìbéèrè kan tó ń jẹ́ VOSTS, àpilẹ̀kọ wọn jáde ní 1992, ìbéèrè 114 ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò jókòó sí ọ́fíìsì fọkàn ro ohun tí ọmọ lè dáhùn. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ èrò wọn, wọ́n to ohun tí wọ́n kọ jọ, èrò àwọn ọmọ fúnra wọn ló wá di A, B, D tí àwọn ọmọ mìíràn ń mú nínú rẹ̀. Lederman àti àwọn tirẹ̀, nínú ìwé ìbéèrè tiwọn tó ń jẹ́ VNOS, gba ọ̀nà mìíràn: ìbéèrè tí kò ní àṣàyàn rárá, ọmọ á kọ, wọn á tún pè é jókòó, wọn á bi í ohun tó ní lọ́kàn. Ìyẹn ló dára jù lójú mi, ṣùgbọ́n tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà kò lè ráyè bẹ́ẹ̀. Ti Kánádà ni mo mú, mo sì ya ìjókòó-bi-ọmọ díẹ̀ lára ti Lederman.

Ìdáhùn tí àwọn ọmọ kọ, mo gé e ní pélébé pélébé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàbù lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti lọ sílé. Èmi àti Bàbá Láàbù la jọ ń kó wọn jọ, àgbàlagbà tó ń tọ́jú irinṣẹ́ wa láti ìgbà tí èmi ò tíì dé iléèwé yẹn. Pélébé kan kà pé: "Tí èsì ẹgbẹ́ méjì bá yàtọ̀, ká lọ bi tíṣà." Mo ń nawọ́ gbé e sórí òkìtì àwọn tó gbà pé ẹnu ọ̀gá ni òótọ́ ti ń wá.

Bàbá dá ọwọ́ mi dúró. "Tíṣà, ẹ má tíì gbé e síbẹ̀ yẹn. Ó lè jẹ́ stopwatch yẹn ló ń rò."

Stopwatch kan wà nínú dúrọ́ọ̀ wa tí bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń há. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró. A pe ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, ohun tó ní lọ́kàn gan-an nìyẹn: tíṣà ló mọ aago tó ń purọ́, òun ló sì yẹ kó sọ. Ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni. Látìgbà yẹn, gbólóhùn "bi tíṣà" di àṣàyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tó ń bi í nítorí pé tíṣà ló mọ ìdáhùn, àti ẹni tó ń bi í nítorí pé tíṣà mọ irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè okùn tó ń fì

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ní Yunifásítì Cape Town, Buffler, Allie àti Lubben ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ọmọ ọdún kìíní gbà nípa ìwọ̀n, wọ́n gbé e jáde ní 2001. Bọ́ọ̀lù kan ń yí wá sílẹ̀ lórí pákó tó dagun, ó balẹ̀, wọ́n wọn ibi tó balẹ̀ sí. Wọ́n ya àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jiyàn, wọ́n wá bi ọmọ pé ta ló gbà pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ kan ń wo ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ti tó, ó tọ́ tàbí kò tọ́. Àwọn mìíràn ń wo gbogbo ìwọ̀n náà pa pọ̀, bí wọ́n ṣe fọ́n ká sì jẹ́ ara ohun tí wọ́n ń sọ.

Mi ò ní pákó, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ SS2 tí kò tíì fi òwú so irin kó sì jẹ́ kó máa fì. Ẹgbẹ́ méjì, òwú mítà kan, fífì lọ fífì bọ̀ nígbà 20. Ẹgbẹ́ kìíní wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: 40.1, 39.6, 40.4 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹgbẹ́ kejì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rí 40.2, wọ́n dúró síbẹ̀. Èsì ta lo máa gbára lé? Àwọn àṣàyàn náà, láti ẹnu àwọn ọmọ:

A. Ẹgbẹ́ kejì, nítorí èsì kan ni wọ́n ní, kò sí ìjà níbẹ̀.
B. Ẹgbẹ́ kìíní, nítorí 40.1 ló jọ ti inú ìwé.
D. Ẹgbẹ́ kìíní, nítorí a rí bí èsì wọn ṣe jìnnà síra tó.
E. Kò sí, nítorí èsì tó tọ́ kì í yàtọ̀ síra.
Ẹ. Tèmi kò sí níbẹ̀. Màá kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Ẹni tó mú B kì í ṣe òpè o. Òwú mítà kan máa ń fún yín ní nǹkan bí 40.1 lóòótọ́. Ìdí tó fi mú un ni mo ń wá: ìwé ló fi ń wọn ìwọ̀n.

Ìbéèrè ibà

Èyí ni mo mú láti àdúgbò. Ara ọmọ kan gbóná. Ó ti lo oògùn ibà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ilé àyẹ̀wò kìíní kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí àyẹ̀wò kíákíá, ìlà méjì yọ, wọ́n ní ibà wà. Ilé àyẹ̀wò kejì fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí kòkòrò ibà kankan. Báwo ni?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí pọ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ, nítorí kò sí ilé tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. "Ilé àyẹ̀wò kan jẹ́ ayédèrú." "Ẹ̀rọ ò lè parọ́, ojú èèyàn lè rẹ̀." "Ojú ló dájú, páálí yẹn ti ṣáínà jù." Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù: "Ká ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ibi tí méjì bá sí la máa gbà." Wọ́n ń dìbò fún kòkòrò!

Ó lè jẹ́ pé àyẹ̀wò méjèèjì tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ páálí àyẹ̀wò tó wà níta ń wá púrótéènì kan tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, HRP2, púrótéènì náà sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò. Máíkírósíkóòpù ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n ń wò. Mi ò retí kí ọmọ SS2 mọ HRP2, ìbéèrè náà ò sì béèrè rẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni ọmọ tó máa béèrè pé kí ni àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń wá kó tó pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Wọ́n wà, wọn ò pọ̀.

Èdè, àti Ṣómólú

Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í ṣe Yorùbá nìkan. Ìgbò wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀. Òyìnbó ló wà lójú ìwé kan, Yorùbá lójú kejì, ọmọ á lo èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí Brislin ṣe ní ká ṣe ní 1970, ẹni tí kò rí ti Òyìnbó ló tú ti Yorùbá padà sí Òyìnbó, a wá fi méjèèjì wé ara wọn. Tíṣà kan ní ọ́fíìsì wa sọ pé sáyẹ́ǹsì ò ṣeé sọ ní Yorùbá. Ní 1970 náà ni Fafunwa àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún un, mo bá tèmi lọ.

Ṣómólú ni a ti tẹ̀ ẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti pọ̀ bí ilé. Èrò mi ni pé kí ọmọ kun àyíká róbótó, kí n fi kámẹ́rà fóònù ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì dín ojú ìwé kù díẹ̀, àyíká kúrò níbi tí fóònù ti ń wá a, ó ń ka B ní A. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ tẹ àpótí dúdú kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí fóònù lè mọ ibi tí ìwé bẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ mo ti pa á tì: kí ọmọ kọ lẹ́tà kan sínú àpótí, kí n fojú kà á. Ẹni tó mú Ẹ ṣáà máa kọ̀wé, ojú ni màá fi ka ìyẹn náà.

Mo jókòó ti àwọn kan

Kí n tó pín in fún gbogbo kíláàsì, mo ní kí àwọn ọmọ mélòó kan máa sọ̀rọ̀ jáde bí wọ́n ṣe ń mú ìdáhùn. Ọmọbìnrin kan mú D lórí ìbéèrè okùn, inú mi ti ń dùn. Mo ní kí ló dé tó fi mú un. "Sà, òun ló gùn jù. Nínú objective, èyí tó bá gùn jù ló máa ń jẹ́ answer."

Kò purọ́. Gbogbo ọmọ tó ń múra WAEC ló mọ ọgbọ́n yẹn, lẹ́sìnnì gan-an ló ń kọ́ wọn. Mo padà gé gbogbo àṣàyàn kí gígùn wọn lè sún mọ́ra. Bí ẹ ṣe rí wọn lókè yẹn, wọ́n ti kọjá lábẹ́ àáké. Mo tún tò wọ́n lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí D náà ní olólùfẹ́ tiẹ̀.

Ìṣirò

Mi ò ro máàkì pọ̀. Kò sí 240 níhìn-ín. Tí mo bá fún ìdáhùn ibà ní márùn-ún, tí mo fún ti Pluto ní méjì, tí mo ro wọ́n pọ̀ di méje, kí ni méje yẹn? Ojú ewé kan ni mo ń ṣe fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye àwọn tó mú àṣàyàn kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo ìbéèrè méjì méjì papọ̀.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti san owó ara rẹ̀ padà. Àwọn ọmọ tó gbà gan-an pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń yí padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mú E lórí okùn: èsì tó tọ́ kì í yàtọ̀ síra. Ní 2005, Sandoval ti sọ̀rọ̀ nípa àlàfo tó wà láàárín ohun tí ọmọ ń sọ nípa sáyẹ́ǹsì àwọn onímọ̀ àti ohun tó fi ń ṣe tirẹ̀ ní láàbù. Èyí tó ń sọ, nóòtì ló fún un. Èyí tó fi ń ṣiṣẹ́, práktíkà tí a ti ń yọ máàkì fún èsì tí kò bá ti ìwé mu ló fún un, àwa tíṣà la sì ń yọ ọ́. Òṣùwọ̀n tó bá béèrè àkọ́kọ́ nìkan á máa yìn wá.

Ibi tó dé

Ìbéèrè lórí òfin àti tíọ́rì ti jáde nínú ìwé náà. Gbogbo wọn ló ní tíọ́rì máa ń di òfin tí wọ́n bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, gbólóhùn kan náà, àmì ìdánudúró kan náà. Nóòtì ẹnì kan ni mò ń kà níbẹ̀. Ó lè padà tí mo bá rí ọ̀nà tí màá fi so ó mọ́ nǹkan tí ọwọ́ wọn ti bà.

Ìbéèrè ibà ní àṣàyàn tuntun. Ọmọ kan mú Ẹ, ó sì kọ sísàlẹ̀ pé: "Ọjọ́ wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ níbi kìíní, ọjọ́ wo ni wọ́n gbà á níbi kejì?" Àwọn mìíràn tún kọ ohun tó jọ ọ́ nínú kíláàsì kejì. Ó máa wọ inú ìwé tó ń bọ̀, mo sì ti gé e kó má gùn ju àwọn yòókù lọ: "Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀kan." SS1 ni màá kọ́kọ́ fún.